Alága Afẹ́fẹ́ Mímọ́ àti Mọ́tò Tí Kò Ṣeé Tà

Bí ẹ bá ti gbé ìlú Calvera rí, láàárín oko álímọ́ńdì California, kò sí bí ẹ kò ṣe ní mọ Wendell Haverkamp, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ má mọ òun. Àwòrán rẹ̀ wà ní báńkì, ó wà ní ilé ìkàwé, ó wà lára ògiri ibi tí àwọn èèyàn ti ń tò láti san owó omi. Alága Àjọ Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ti ẹkùn Santa Rufina ni, ó sì ti pẹ́ lórí àga náà débi pé ó gbà pé bí òun kò bá tètè jí láàárọ̀, atẹ́gùn kò ní mọ ibi tí yóò gbà fẹ́.

Bí ìpàdé àjọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á dìde, wọ́n á dijú, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ símú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí síta títí Alága yóò fi fi ìka kan tábìlì. Nígbà náà ni akọ̀wé rẹ̀, Lyle Tuttle, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìtẹríba, yóò kígbe pé:

"Afẹ́fẹ́ ta ni a mí sínú yìí?"

"Ti Alága ni!" ni gbogbo ilé á dáhùn, ìyẹn àwọn tí èémí kò tíì tán nínú wọn.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni Haverkamp ní o. Ọkùnrin iṣẹ́ ni. Òun ló fòfin de àbẹ́là lórí kéèkì ọjọ́ ìbí ní gbogbo ọ́fíìsì ìjọba, tó fi di pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́ atẹ́gùn sórí kéèkì tí iná kò sí lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Òun ló ní kí ìjọ Kátólíìkì má yan ẹran níta mọ́ ní Sátidé. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ọ́. Fádà bọ ẹran fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Òun náà ló gbé pátákó iná ńlá kan sókè ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, pátákó á tan àwọ̀ ewé; bí kò bá dára, á pọ́n; bó bá wá burú jáì, bí ìgbà tí igbó bá ń jó lórí òkè, á di àwọ̀ elése-àlùkò, fèrè ìkìlọ̀ á máa ké káàkiri ìlú, iṣẹ́ gbogbo á dúró, kálukú á sì sá wọlé.

Ṣùgbọ́n èyí tó fi ń yangàn jù ni Òfin Haverkamp. Àwọn ọ̀dọ́ apá ìwọ̀-oòrùn ìlú ló dìídì ṣe é fún, àwọn tí wọ́n máa ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn palẹ̀, tí wọ́n á tún un tò kó lè sáré kó sì pariwo. Òfin náà sọ pé mọ́tò tí wọ́n bá ti yí inú rẹ̀ padà kò ṣeé tà, kò ṣeé fi tọrẹ, kò sì ṣeé gbé jáde kúrò ní Santa Rufina, àfi bó bá yege àyẹ̀wò èéfín níbẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ irin ló ń lọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Haverkamp fúnra rẹ̀ máa ń lọ wòran níbẹ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ mọ́tò Marisol Quiñonez, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ álímọ́ńdì, ọmọ náà kàn dúró ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́tò náà kó tó kú. Alága gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ mi, dákẹ́. Ẹkún máa ń mú kéèyàn mí ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó wá fi báàjì kékeré kan há a láyà, tí wọ́n kọ MO Ń MÍ sí. Tuttle pàtẹ́wọ́.

Ó yá, ẹ bá mi ká lọ sẹ́yìn ilé Alága. Ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Gáréèjì nìyẹn. Ẹ rí ohun tí wọ́n fi aṣọ bò yẹn? Loretta ni. Mọ́tò Mustang pupa tí Alága sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ṣe é bá rí i lónìí, wọn ò ní dá a mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ihò wà lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kan yọrí jáde níbẹ̀ tó ń ki atẹ́gùn bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu tipátipá. Asẹ́ tó yẹ kó máa sẹ́ èéfín, Alága ti yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ tó ti pẹ́; ó ní kì í jẹ́ kí Loretta mí dáadáa. Tó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo mọ́tò àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ìgbà tí olè dé, àwọn ajá á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Wendell," ìyàwó rẹ̀, Maurine, máa ń sọ, "aṣọ tí mo sá síta ti dúdú o."

"Ìwádìí ni mò ń ṣe, Maurine. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èéfín bí n kò bá gbé pẹ̀lú èéfín?"

"Kí ìwọ àti èéfín lọ fọ aṣọ náà nígbà náà."

Tuttle ní tirẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ẹ̀yìn Loretta ló máa ń dúró sí, á fà á símú, á mi orí. "Ọlọ́lá, èéfín tiyín yàtọ̀. Òórùn òdòdó ọsàn ló ń rùn." Ọlọ́lá sì gbà á gbọ́. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín nínú ìtàn yìí nìyẹn: ọkùnrin náà gbà á gbọ́.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà títí wọ́n fi pè é láti Sacramento, olú ìlú California. Wọ́n ní àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ńlá tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń wò. Ìyáàfin Okamoto, obìnrin àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ náà, yóò wá wo iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Alága gbé fóònù sílẹ̀, ó ki ara rẹ̀ kú oríire nínú dígí. Maurine ló bi í léèrè ìbéèrè kan láti ilé ìdáná.

"Ṣé wàá fi Loretta hàn án?"

Ẹ̀rín kú mọ́ Haverkamp lẹ́nu. Àfi kó ta mọ́tò náà, kíá.

Ẹni tó wá rà á ni Yesenia Arreola, obìnrin kan láti ẹkùn kejì, tó máa ń sá eré ìje mọ́tò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò, ó wò, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Háà, bàbá! Ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí? Mọ́tò yìí ti ya wèrè pátápátá! Mo fẹ́ ẹ. Èló ni?"

Inú Alága dùn. Ó dárúkọ owó, obìnrin náà kò tilẹ̀ ná an. Ó kàn na ọwọ́ ni.

"Ìwé àyẹ̀wò èéfín rẹ̀ dà?"

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni Haverkamp tí òfin ń jẹ́ orúkọ yín. Òfin yín ló ní n kò lè gbé e kọjá ààlà láìsí ìwé. Àbí orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́?"

Ó wọ inú ọkọ̀ tiẹ̀, ó ní kó pe òun bó bá ti gba ìwé.

Alága ránṣẹ́ sí Vahan Keshishian, mẹkáníìkì kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Calvera tipẹ́. Vahan wọ abẹ́ Loretta, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde.

"Ọ̀gá, gbogbo ohun tí ẹ yọ kúrò lára mọ́tò yìí, ibo lẹ kó wọn sí?"

"Mo dà wọ́n nù."

"Ó máa gba oṣù díẹ̀ nìyẹn. Mo máa wá ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ gan-an, mo máa wá asẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àlejò mi ń dé!"

"Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí gáréèjì mi títí àlejò yín á fi lọ. Màá faṣọ bò ó. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú ọ̀nà àbájáde rèé, ó fẹ̀, ó mọ́, kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Ọkùnrin tí kò ní ìyangàn ì bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ì bá wà ní Sacramento lónìí. Haverkamp na ọrùn sókè.

"Kí èmi máa fi nǹkan pamọ́ bí olè? Nínú ẹkùn tí mò ń ṣe alága rẹ̀?"

"Ó dáa, ọ̀gá," Vahan sọ, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ óò pè mí."

Tuttle ló mú ọgbọ́n wá ní ọjọ́ kejì. Ó ní, Ọlọ́lá, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò èéfín. Ta ló gbé ẹ̀rọ ga ju èèyàn lọ? Ẹ̀rọ ò mọ Alága, kò mọ mẹ̀kúnnù. Ṣé a ò lè fi imú ṣe é?

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Haverkamp lára. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n mí sínú, wọ́n mí síta, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin ará! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ti fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí àárín ojú ọmọ èèyàn! Kì í lo iná! Kì í bàjẹ́! Èmi Haverkamp, mo dá imú padà sí ipò iyì rẹ̀!"

Wọ́n gbà á wọlé láìsí àtakò. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbìmọ̀ oní-imú márùn-ún ni yóò máa gbóòórùn mọ́tò tí wọ́n bá yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yàn nawọ́ sókè, ó ní òfìnkìn ti di òun nímú láti oṣù Kẹta.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Alága wí. "Ìwọ ni o kò ní ṣojúsàájú."

Ká ní ó gbóòórùn Loretta ní kọ̀rọ̀, kó fọwọ́ sí ìwé, kó tà á, ì bá bọ́ nínú wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ti rò ó títí, ó ti rí i pé mọ́tò tó yẹ kó dójú ti òun lè di ohun tí wọ́n á fi gbé òun gẹṣin. Òun ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ní gbangba, níwájú Ìyáàfin Okamoto, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ ìrẹ̀lẹ̀ náà sára bébà ńlá kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn mú ganrínganrín, ewé kan ò mì. Wọ́n gbé Loretta sábẹ́ ìbòòji ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba, kí oòrùn má baà pa Alága. Kò sẹ́ni tó rántí pé òkè ibẹ̀ gan-an ni ihò tí pátákó iná fi ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò wà. Ìyáàfin Okamoto jókòó níwájú, ó dé akẹtẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ apá ìwọ̀-oòrùn tò gígùn pẹ̀lú mọ́tò wọn, nítorí pé òfin kò sọ pé ti Alága nìkan ni imú lè gbà.

Haverkamp yí kọ́kọ́rọ́. Fèrèsé ilé ìjọba gbọ̀n. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ó fẹ́ kí aráyé gbọ́ ohùn ọkọ̀ aláìlẹ́ṣẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀, ó lọgun kí ohùn rẹ̀ lè borí ti Loretta.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mí! Nígbà tí mo dàgbà, mo ṣì ń mí!"

Èéfín dúdú ń kó jọ lábẹ́ òrùlé. Oní-imú àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ó dìde, omi ń dà lójú rẹ̀. "Òdòdó... òdòdó ọsàn," ó wí, ikọ́ sì gbé e lọ. Èkejì ní òun gbọ́ òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, ó sì lọ di ògiri mú. Ẹ̀kẹta na àtàǹpàkò méjèèjì sókè pé ó yege, ẹnu rẹ̀ ò ṣeé là mọ́. Ẹni tí òfìnkìn di nímú gbé ojú sókè.

"Èmi ò gbọ́ òórùn kankan o."

"Ẹ gbọ́ ẹ̀rí!" Haverkamp kígbe. "Kò gbọ́ òórùn kankan!"

Ó wá kan Tuttle. Akọ̀wé náà wo Ọlọ́lá, ó wo páìpù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òun yọ nínú ìfẹ́, ló bá ki imú bọ ẹnu páìpù náà tààrà. "Ọlọ́lá," ó ní, "ó dà bí... ó dà bí..." Ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Lókè, pátákó kúrò ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n, ó di elése-àlùkò. Fèrè ìkìlọ̀ ké. Ó ké nílé ẹ̀kọ́, ó ké nílé ẹjọ́, ó ké nílé iṣẹ́ álímọ́ńdì, níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti dúró gìdì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré kiri tí wọ́n ń bèèrè ibi tí iná ti ń jó. Àwọn èèyàn tó wà níbi àpéjọ náà dìde gìrọ́gìrọ́, wọ́n ń rọ́ wọlé. Haverkamp rí i tí wọ́n dìde. Ó gbọ́ fèrè. Ojú rẹ̀ kún fún omijé ayọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun! Kò yẹ kí ẹ fun fèrè fún mi!"

Ìyáàfin Okamoto fi áńkáṣíìfù bo imú, ó rìn wá bá a.

"Alága, ẹ pa mọ́tò yẹn."

"Ìyáàfin, ọ̀rọ̀ mi ò tíì dé ìdajì!"

Obìnrin náà na ọwọ́ gba ojú fèrèsé mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó yọ ọ́. Loretta húkọ́, ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Haverkamp yíjú padà, ó sì rí àwòrán ara rẹ̀ tó gbòòrò lójú pátákó, eyín funfun nini, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: Ẹ SÁ WỌLÉ. ẸNI BURÚKÚ KAN TI BA AFẸ́FẸ́ WA JẸ́. ÈMI ALÁGA YÍN YÓÒ WÁ A RÍ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó tò sẹ́yìn kò sá. Marisol Quiñonez wà láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn yòókù.

"Alága," ó ní, "mọ́tò bàbá mi ńkọ́? Òórùn kí ni tiẹ̀ ń rùn?"

Haverkamp tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a sínú àpò.

Ìyókù kò gba àkókò. Sacramento kò pè é mọ́. Àjọ pàdé, wọ́n yọ ọ́. Tuttle ti jáde ní ọsibítù, ó sọ fún gbogbo ayé pé láti ìgbà pípẹ́ ni òun ti ń kìlọ̀ fún un nípa mọ́tò náà, pé etí dídi ni tirẹ̀. Wọ́n sọ Tuttle di alága. Wọ́n fagi lé àyẹ̀wò imú, wọ́n sì fi Òfin Haverkamp sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n ka ìtìjú ọjọ́ náà sí ìfìdírẹmi àkọ́kọ́ Loretta. Bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan sí i, abẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́rin ló kù.

Haverkamp lọ sí ìpàdé kan gẹ́gẹ́ bí ará ìlú lásán, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún òfin náà wò, kì í ṣe nítorí tòun nìkan. Ó kọ orúkọ Marisol sínú bébà dání. Nígbà tí Tuttle ní kí gbogbo ilé mí sínú, ó mí sínú. Ó dúró, ó ń dúró de ìka Tuttle, ojú rẹ̀ pọ́n. Tuttle kò kan tábìlì bọ̀rọ̀. Nígbà tó sì kàn án, ó ní àyè ọ̀rọ̀ ará ìlú ti tán lọ́jọ́ náà.

Ló bá gbé fóònù, ó pe Vahan.

Gbogbo ìgbà òtútù, tí kùrukùru bo oko tí a kì í rí igi tó wà níwájú ẹni, ni wọ́n fi tú Loretta. Alága àná ló ń di iná mú.

"Vahan, ṣé o mọ̀ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ yìí—"

"Ẹ gbé iná súnmọ́bí, ọ̀gá."

"Mo kàn fẹ́ sọ pé—"

"Iná, ọ̀gá. Iná."

Ó gbé iná súnmọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá náà jáde, ó kọjú sí ògiri díẹ̀, Vahan sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Maurine sá aṣọ funfun síta, ó ká a wọlé ní funfun, ó sì gbé kọfí méjì wá fún wọn.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó jókòó sórí àga oníke láàárín àwọn èèyàn tó ń dúró de mọ́tò wọn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání wò ó, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, láìsí Ọlọ́lá, láìsí Alága, wọ́n ní Loretta yege. Ó di ìwé náà mú bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Yesenia dé lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò. Ó ní kó tan án. Ó tẹ́tí sí i títí.

"Ṣé ó ti tàn?"

"Ó ti tàn."

"Bàbá, ẹ má bínú. Èyí kọ́ ni mo fẹ́ rà. Eléyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kéèyàn máa gbé e lọ."

Ó sì lọ. Oṣù kan kọjá, kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ́tò tó rí bíi ti eléré ìje tó sì ń rìn bí akẹ́rù wàrà. Ẹni tó rà á níkẹyìn ni Ìyáàfin Bettencourt, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí oúnjẹ sísè nílé ẹ̀kọ́. Mọ́tò tiẹ̀ ti kú, ó sì fẹ́ ohun tí yóò máa gbé òun lọ sọ́jà. Tákísí ló gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù, àpò ẹrù mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìwé àyẹ̀wò, ó wo táyà, ó ní ìjókòó rẹ̀ ti lọlẹ̀ jù, ó sanwó.

Haverkamp di kọ́kọ́rọ́ mú. Oòrùn ń ta. Nǹkan kan gbé e láyà, ó na ọrùn, ó fọwọ́ tún ọrùn ẹ̀wù ṣe níbi tí táì kò sí mọ́.

"Ìyáàfin mi ọ̀wọ́n, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ yìí lé yín lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mọ́tò tí ẹ ń wò yìí, ní ọdún tó ti pẹ́ sẹ́yìn—"

"Ọ̀gbẹ́ni," ni Ìyáàfin Bettencourt wí, "áísìkiriìmù mi ń yọ́."

Haverkamp wo àpò náà. Òótọ́ ni, ó ti ń kán sílẹ̀. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì gbé àpò rẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.